Mo ra owó fàdákà ní 37,000, bíjútíà ní 23,000 lòun máa san: ta ló rẹ́ mi jẹ?

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Nígbà tí mo kó tọ́ńtìn mi (owó àjọ) kẹ́yìn, mo fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó wà ní Paris pé kó bá mi ra owó fàdákà mẹ́wàá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Philharmoniker. 37,000 sẹ́fà ló ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi yẹ fóònù wò, ó ní iye fàdákà lágbàáyé lọ́jọ́ yẹn kò ju 28,000 lọ. Mo mú ẹyọ kan tọ bíjútíà wa, alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà, lọ, ó ní 750 sẹ́fà lòun ń ra giramu kan, ìyẹn bí 23,000. Ó tún ní ọ́ńsì kan ò ju giramu 28 lọ, tèmi sì wọn 31, ó ní àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. 1,50 euro ló sì wà lára owó náà! Ta ló rẹ́ wa jẹ: ilé ìtajà ni, àbúrò mi ni, àbí bíjútíà? Ṣé kí n tà wọ́n? Tọ́ńtìn mi tún ń bọ̀ lọ́nà, ṣé kí n tún rà sí i?"

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìrònú. Mo ti wà nídìí káràkátà wúrà àti fàdákà pẹ́ tó láti mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ilé rú. Ẹni tó wà lókè òkun rà á, ẹni tó wà nílé gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, iye méjèèjì kò bára mu, ọ̀rọ̀ bá di "ṣé o ò ti jẹ nínú rẹ̀ báyìí?" Nínú gbogbo iye tí ẹ kọ sí mi, n kò rí èyí tó fi hàn pé àbúrò yín mú kọ́bọ̀. Ilé ìtajà náà kò já yín. Bíjútíà yín kò purọ́, àfi níbi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, mo sì rò pé àìmọ̀ ló fà á. Síbẹ̀ owó yín ti dín, ó sì níbi tó gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀sùn àdàlù ló wúwo jù nínú lẹ́tà yín. Ọ́ńsì méjì ló wà. Èyí tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ giramu 28.35, òun ni bíjútíà yín gbọ́ nípa rẹ̀. Èyí tí àwọn oníwúrà ń lò jẹ́ giramu 31.1035. Òun ni ọjà àgbáyé fi ń pe iye wúrà àti fàdákà, òun náà ni wọ́n kọ sára owó yín níbi tí ẹ ti rí "1 UNZE FEINSILBER". Nítorí náà, 31 tí òṣùwọ̀n gbé jáde ló yẹ kó gbé jáde. Ká ní 28 ló wọn ni, èmi náà ì bá bá yín pariwo. Fàdákà inú Philharmoniker tó 999 nínú 1,000, bóyá ni ẹ fi lè rí ẹ̀gbà ọrùn kan ní gbogbo Àjàṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, torí fàdákà mímọ́ rọ̀ jù fún ohun ọ̀ṣọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ fúnra wọn ló máa ń fi bàbà díẹ̀ sí i kó lè le.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ̀rí kan wà tí ẹ lè ṣe lójú bíjútíà yín, lórí òṣùwọ̀n rẹ̀ gan-an, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ayùn ha owó náà lára. Òṣùwọ̀n náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń ka giramu dé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì. Ẹ gbé ife omi lé e, kó tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so owó náà, kí ẹ rọra rì í sínú omi títí omi á fi bò ó, kó má kan ìdí ife, kó má kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì di òwú náà mú lókè. Nọ́ńbà tó máa jáde yẹ kó wà nítòsí 2.97. Fàdákà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti ààbọ̀, ohun tí òṣùwọ̀n ń kà nígbà náà sì ni ìwọ̀n omi tí owó náà tì kúrò láàyè rẹ̀. Bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò lára, bó bá wọn 31, á ti nọ́ńbà yẹn kọjá 3.4. Òjé á fà á wálẹ̀ sí bíi 2.74. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòfà kàn án. Kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi dára o, àmọ́ n kò lè fi fọ́tò jẹ́rìí owó fàdákà fún ẹnikẹ́ni. Omi àti òṣùwọ̀n ló lè jẹ́rìí.

Ti 1,50 euro yẹn kò le rárá. Euro kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í yẹ̀, nítorí náà 984 sẹ́fà ni ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Láti 2008 tí ilé iṣẹ́ ìjọba Austria ti ń rọ Philharmoniker oní-fàdákà ló ti ń ru nọ́ńbà yẹn, kó lè jẹ́ owó lójú òfin, Austria nìkan ló sì ti jẹ́ owó. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó máa fi í ra búrẹ́dì. Eagle ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń rọ láti 1986, ń ru 1 dọ́là. Maple Leaf ti Kánádà ń ru 5 dọ́là tiwọn. Ọ́ńsì kan fàdákà náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹ fojú fo ó.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí 28,000 tí ọmọ yín rí. Iye yẹn tọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe iye owó fàdákà ẹyọ kan níbikíbi láyé. Ọ̀pá fàdákà ńlá tó wà nínú yàrá irin ní London ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí àdéhùn tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà ní New York. Ọ̀pá London kan tó bí ọ́ńsì 1,000, ó lé ní kílò 30. Àdéhùn kan ní ọjà COMEX ní New York jẹ́ ọ́ńsì 5,000, ìyẹn kílò 155. Ẹni tó bá fẹ́ rà ní iye tó wà lójú fóònù, bó ṣe gbọ́dọ̀ rà á nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọlọ́jà ẹ kúkú mọ̀: iye àpò àgbàdo tí wọ́n já sílẹ̀ láti Kétu kọ́ lẹ fi máa ra ẹ̀kọ ní ọjà Ouando. Ẹni tó rẹ àgbàdo, ẹni tó lọ̀ ọ́, ẹni tó ra igi, ẹni tó pọ́n ọn sínú ewé, gbogbo wọn ló ti jẹ nínú ẹ̀kọ kan ṣoṣo náà.

Àwọn tó jẹ nínú owó yín nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ yọ́ fàdákà títí ó fi mọ́ dé 999. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ, wọ́n gé e ní róbótó róbótó, wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ padà sínú iná nìyẹn. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀rọ tó lù ú, tí ó gbé dùùrù ńlá tó wà ní gbọ̀ngán orin Vienna sí ojú kan, tí ó gbé gòjé àti hápù sí ojú kejì. Wọ́n to ogún sínú ọ̀pá oníke kan, wọ́n to ọ̀pá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú àpótí kan, 500 lápapọ̀. Ẹni tó gbé e san owó ìdójútòfò, torí kò sẹ́ni tó máa gbé kílò 15 fàdákà rìn láìdójútòfò. Ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ tà á fún oníṣòwò ńlá, oníṣòwò ńlá tà á fún onísọ́ọ̀bù, onísọ́ọ̀bù tà á fún àbúrò yín. Bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn: ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rọ Eagle kì í ta èyí tí wọ́n rọ fún ìfowópamọ́ fún aráàlú tààrà, àwọn oníṣòwò ńlá díẹ̀ tí wọ́n fún láṣẹ ló ń tà á fún. Gbogbo ohun tí àwọn wọ̀nyí fi lé iye fàdákà inú rẹ̀ ni à ń pè ní àlékún.

Ní báyìí, àlékún tiyín jẹ́ 9,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì rò pé onísọ́ọ̀bù ló kó o jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Ní ilẹ̀ Faransé, TVA, ìyẹn owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, tó wà lórí owó fàdákà tuntun jẹ́ 20 nínú 100. Bí ẹ bá yọ TVA kúrò nínú 37,000, ohun tó kù jẹ́ 30,833. Ìyẹn ni pé 6,167 sẹ́fà lórí ẹyọ kan lọ tààrà sí àpò ìjọba Faransé. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, oníṣòwò ńlá àti onísọ́ọ̀bù pín láàárín ara wọn kò tó 2,900, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye fàdákà náà. Mo ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ ní kí àbúrò yín fi fọ́tò rísíìtì ránṣẹ́, ẹ ó rí TVA níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ ó sì rí i pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó ń dùn yín kì í ṣe èrè ẹnikẹ́ni. Rísíìtì yẹn ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí àwọn tó ń ra wúrà kì í fi í ké báyìí. Ẹ̀rọ tó ń lu owó wúrà kò gba owó tó fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹ̀rọ tó ń lu owó fàdákà lọ. Nígbà tí ọ́ńsì fàdákà wà ní 28,000, ti wúrà ti kọjá mílíọ̀nù méjì. Ẹ fi 2,000 sẹ́fà iṣẹ́ ọwọ́ lé méjèèjì: ara wúrà kò mọ̀ ọ́n, ara fàdákà gbọgbẹ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì tún yọ wúrà ìfowópamọ́ kúrò nínú TVA láti ọdún 2000, wọ́n fi fàdákà sílẹ̀ sínú rẹ̀. Nítorí náà, bí owó náà bá ṣe kéré tó ni àlékún ṣe ń pọ̀ tó. Owó fàdákà tó jẹ́ ìdajì ọ́ńsì tàbí ìdá mẹ́wàá ọ́ńsì, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń rà torí "kò wọ́n", òun gan-an ló wọ́n jù bí ẹ bá pín in ní giramu. Kílò kan fàdákà nínú ọ̀pá ni àlékún rẹ̀ máa ń kéré, àmọ́ ta ni yóò gé kílò kan fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò owó ilé ìwé?

Àlékún náà kì í dúró sójú kan, èyí ló sì máa ń da àwọn ènìyàn lójú rú jù. Ní oṣù March 2020, nígbà tí kòrónà dé, iye fàdákà ní New York ṣubú wá sísàlẹ̀ 12 dọ́là fún ọ́ńsì kan. Ẹni tó bá gbé owó lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ rà ní 12 dọ́là, ìyà ló jẹ padà wálé. Àwọn tó ní owó fàdákà kò tà, àwọn tó fẹ́ rà pọ̀ bí eéṣú, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó ti ilẹ̀kùn nítorí àìsàn, títí kan èyí tó ń rọ Eagle ní West Point. Iye fàdákà ń lọ sílẹ̀, àlékún ń gòkè. Ìbẹ̀rẹ̀ 2021 tún rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà jọ pinnu láti ra fàdákà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2022 sí 2023, Eagle wọ́n kọjá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fàdákà inú rẹ̀ kò fi ìka kan ju ti Philharmoniker lọ. Ohun tó wọ́n nígbà náà ni pẹlẹbẹ fàdákà tó ti ṣe tán fún lílù, àti orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Ẹni tó rà á lásìkò yẹn san owó fún ìkánjú, ìkánjú kì í sì í pẹ́ kó tó lọ.

Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra owó fàdákà pé kó tó béèrè iye àlékún, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa dá a padà fún un, àti ìlú tí ẹni náà wà. TVA kò ní padà láéláé. Apá ti onísọ́ọ̀bù kì í sábà padà. Apá tó jẹ́ ti orúkọ owó náà, ìyẹn pé ẹni tó bá mọ Philharmoniker kò ní yẹ̀ ẹ́ wò títí kó tó rà á, ó lè padà tí ẹ bá tà á fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní Vienna, ní Munich, ní Paris, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní Àjàṣẹ́, giramu 31 fàdákà ni.

Ẹ má bínú sí bíjútíà yín. Mo mọ bí àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe rí: òṣùwọ̀n kékeré nínú àpótí onídígí, fìtílà gáàsì, ìkòkò amọ̀ dúdú tí bọ́ráàsì ti dì mọ́ lẹ́nu. Bí owó yín bá dé ọwọ́ rẹ̀, á fi kọ́lọ̀ là á sí méjì, á jù ú sínú ìkòkò, á fi bàbà kún un, á dà á sínú ààyè rẹ̀, dùùrù Vienna ti parí nìyẹn. Mímọ́ 999 tí wọ́n ṣe wàhálà lé lórí, ọwọ́ rẹ̀ ló tún máa fi dín in kù. Kí ló dé tí yóò fi san owó iṣẹ́ ọnà tó fẹ́ yọ́ dànù? Iye tí ọmọ yín rí jẹ́ 900 sẹ́fà fún giramu kan. Ó fún yín ní 750. Nínú 150 tó yọ ni èyí tó jóná, gáàsì, àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa fi sùn sínú ẹ̀gbà kí oníbàárà tó dé wà. Mo ti rí àwọn tó ń san kéré sí i, mo sì ti rí ẹni tó san 800 nígbà tí iṣẹ́ ìyàwó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè bá a ná a. Ẹ máa retí 900 lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ má ṣe.

Ṣé kí ẹ tà wọ́n? Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí ẹ bá tà á fún bíjútíà lónìí, 37,000 di 23,300. Kí 37,000 yín tó lè pé lọ́wọ́ bíjútíà kan náà, iye ọjà àgbáyé gbọ́dọ̀ ti 28,000 gòkè dé nǹkan bí 44,400. Ìyẹn jẹ́ 59 lórí 100. Bí ẹ bá tà á fún oníṣòwò ní Yúróòpù tó ń san iye ọjà àgbáyé gan-an, 32 lórí 100 ló kù kó gòkè. Owó kan náà, ọjọ́ kan náà, ibi títà ló yàtọ̀. Àmọ́ ti Yúróòpù náà ní ìjánu tirẹ̀. Bí àbúrò yín tó ń gbé ní Faransé bá tà á níbẹ̀, owó orí 11.5 nínú 100 wà lórí gbogbo iye tó bá tà á, bó jèrè bó pàdánù. Rísíìtì tí mo ní kẹ́ ẹ béèrè ni oògùn rẹ̀: bó bá ní ìwé tó fi ọjọ́ àti iye tó rà á hàn, ó lè yan kí wọ́n bu owó orí lé èrè nìkan, níbi tí kò bá sì sí èrè, kò ní san nǹkan kan. Láìsí rísíìtì, 28,000 á di 24,780. Ẹ fi owó ìrìn àjò kún un, kò wá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti bíjútíà yín mọ́. N kò ní gba yín níyànjú láti fi ẹyọ mẹ́wàá péré wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Oníbàárà kan wà tí kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀: ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tí ẹ̀yin ṣe. Nínú tọ́ńtìn yín, ní mọ́sálásí, láàárín àwọn ará Kétu àti Sábẹ tó lọ́mọ lókè òkun, ẹnìkan lè wà tó ń múra láti fi 37,000 ránṣẹ́ sí Paris. Bí ẹ bá ta tiyín fún un ní 31,000 tàbí 32,000, ó ti jèrè, ẹ̀yin náà ti gba púpọ̀ padà ju ohun tí alágbẹ̀dẹ tàbí Faransé lè fún yín. Ẹ ṣe ẹ̀rí omi yẹn níwájú rẹ̀, kí ẹ kọ ìwé, kí ẹlẹ́rìí wà. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n bí mo ṣe rí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ṣe. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa máa ń mú kí fàdákà dúdú, kì í ṣe àbùkù. Ojú tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi ha ni àwọn tó ń ra owó fún orúkọ rẹ̀ kì í fẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ike rẹ̀, níbi gbígbẹ.

Bí ó bá ṣe pé ẹ fẹ́ rọ ẹ̀gbà fún ọmọ yín, ìyẹn náà kò burú, ẹ kàn mọ̀ pé fàdákà tí ẹ rà ní 1,190 sẹ́fà fún giramu kan ni ẹ fẹ́ jù sínú iná. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí bíjútíà ń ta fàdákà tirẹ̀. Bí tirẹ̀ bá kéré sí èyí, ẹ ra tirẹ̀.

Ẹ máa ní àwọn kan ń sọ pé fàdákà yóò gòkè lọ sí ibi tí ojú kò tó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́: ní January 1980, fàdákà súnmọ́ 50 dọ́là, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá kan tó ń jẹ́ Hunt ní Texas kó èyí tí ọwọ́ wọn lè kó. Oṣù kejì sí i, ní March 27, ọjà náà wó. Ó tó ọdún 2011 kó tó tún súnmọ́ 50, ó tún ṣubú, October 2025 ló tó fi 50 sẹ́yìn. Ẹni tó rà á ní góńgó 1980 fi ọdún 45 dúró. N kò mọ ibi tó ń lọ, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n, ẹ wo ohun tó ń tà. Bákan náà, dọ́là ni wọ́n fi ń pe fàdákà, euro sì ni sẹ́fà wa so mọ́. Bí euro bá lágbára sí dọ́là, fàdákà lè dúró sójú kan ní New York kó sì relẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Àwọn ará Kétu tó ń fi náírà ṣírò tún ní wàhálà kẹta.

Ti tọ́ńtìn tó ń bọ̀: bí Àjàṣẹ́ bá ni ẹ máa tà á sí, ẹ má ra owó fàdákà tuntun láti Faransé mọ́. Bí ọkàn yín bá ń fẹ́ fàdákà dandan, ẹ ní kí àbúrò yín wá owó fránkì àtijọ́ ti ilẹ̀ Faransé: 50 fránkì tí wọ́n rọ láti 1974 sí 1980 wọn giramu 30, fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ giramu 27, 10 fránkì ti 1965 sí 1973 wọn 25, fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 22.5. Wọn kì í sábà fi TVA lé irú rẹ̀, àlékún rẹ̀ sì kéré torí ó ti pọ̀ nílẹ̀. Kó má ra èyí tí wọ́n bá pè ní ti akójọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kó owó jọ fún ẹwà tàbí ọdún rẹ̀. Bíjútíà yín á fẹ́ràn rẹ̀ ju Philharmoniker lọ, torí bàbà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ rárá, ẹ tú àpótí ìyá yín àgbà wò. Owó márùn-ún fránkì àtijọ́ tó wọn giramu 25, tí 22.5 nínú rẹ̀ jẹ́ fàdákà, ṣì wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ àwọn arúgbó wa, pẹ̀lú ṣílè ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó. Ti ṣílè, ẹ wo ọdún ara rẹ̀: èyí tí wọ́n rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1913 dé 1919 jẹ́ fàdákà 925, láti 1920 ni idẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ ọ kó tó wọn.

Bó bá jẹ́ èmi, wúrà díẹ̀ ni mo máa rà, giramu díẹ̀ díẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀, torí wúrà kì í wá oníbàárà tì ní Àjàṣẹ́. Tàbí kí n fi tọ́ńtìn náà kó aṣọ kún aṣọ kí ọjọ́ ọdún tó dé. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin lẹ mọ èrè rẹ̀ jù mí lọ.